Àbúrò Òkun

Àwọn ará ilé kejì ti fò lọ sí Sípéènì.
Mo rí wọn lójú fèrèsé ní agogo mẹ́rin ìdájí,
wọ́n ń ti àpótí sínú takisí,
bàbá wọn ti wọ ṣòkòtò péńpé
nínú òtútù Rochdale.
Èmi náà tún owó wa kà.
Mo kà á bí ẹni ń ka eyín ọmọ ọwọ́:
méjì ni, kò kúrò ní méjì.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Mo bu ìrẹsì sínú kúlà, mo din dòdò,
mo di ẹ̀wù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan
nítorí Ọ́gọ́ọ̀sì ìlú yìí
kò mọ̀ pé Ọ́gọ́ọ̀sì lòun.
Mo mú agboòrùn wa dání,
agboòrùn tí kò tíì fojú kan oòrùn
láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Bàbá Mofìyìn ti iṣẹ́ òru dé,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó.
Mo ní, "Lọ sùn."
Ó ní, "Màá sùn lọ́hùn-ún."

Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
Gbogbo ajá tí a pàdé ni Àkàngbé ń kí:
"Ẹ káàárọ̀, ajá."
Àwa la kọ́ ọ pé kó máa kí àgbà,
a ò rántí sọ fún un ibi tí àgbà parí sí.
Bàbá òyìnbó kan bi mí pé kí lọmọ náà wí.
Mo ní ó ń kí ajá yín ni.
Ó ṣí fìlà,
ó dáhùn lórúkọ ajá.

Bí a ṣe yí kọ́nà, omi náà yọ sí wa,
adágún Hollingworth, aláwọ̀ eérú,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a sá
tí ẹnikẹ́ni kò padà wá ká.
Mofìyìn dúró gbagidi.
"Mọ́mì, ṣé òkun nìyí?"
Òótọ́ wà lẹ́nu mi, pé ènìyàn ló gbẹ́ ẹ.
Mo wo ojú rẹ̀.
Mo ní, "Àbúrò òkun ni."
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń kọ́?"
Mo ní, "Ó lọ sí Sípéènì."

Òjò dé. Kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
ó dà bí ẹni ti ilẹ̀kùn wọlé.
Ẹrẹ̀ gbé bàtà Àkàngbé kan mì,
pẹ́pẹ́yẹ já dòdò gbà lọ́wọ́ rẹ̀;
ó ké, ó wo pẹ́pẹ́yẹ, pẹ́pẹ́yẹ wò ó,
ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún na òmíràn sí i.
A jẹ ìrẹsì lórí ìdúró, lábẹ́ igi, omi ń kán sí i.
Bàbá wọn ti sùn lórí bẹ́ǹṣì,
agboòrùn lórí, ẹnu ní gbayawu.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òṣogbo,
bàbá mi a máa kó wa lọ wo ọkọ̀ ojú irin.
A ò wọ̀ ọ́ rí.
A kàn ń wò ó bó ṣe ń lọ ni,
a ó jẹ gúgúrú, a ó padà sílé.
Títí dòní, bí mo bá dijú, ó ṣì ń kọjá.

Nígbà tí iléèwé wọlé,
tíṣà ní kí wọ́n ya ibi tí wọ́n ti lo ọlidé.
Omi Mofìyìn kún bébà, ó ṣàn dé orí tábìlì.
Bàbá rẹ̀ wà láàárín, ó la ẹnu sílẹ̀,
pẹ́pẹ́yẹ méje yí i ká bí ìjòyè.
Bàtà kan ń léfòó.
Oòrùn pupa rẹ̀bẹ̀tẹ̀ wà lókè.
Mo ní, "Òjò dà?"

Ó gbójú sókè.
"Òjò wo?"